Ìdì Ẹ̀fọ́ Tí Mo Jù Sẹ́yìn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, ọdún 2025

Láídé, ìyàwó mi, ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń dùn mí. Mo ní kò síbi tó ń dùn mí. Ó ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóko láàárọ̀ yìí nígbà náà, òun á máa kọ ọ́, torí láti ìgbà tí a ti sin Akínfẹ́nwá, ògiri filáàtì yìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àwọn ará òkè sì ń gbọ́. Ìyàwó mi tẹ táípù fún ìjọba àpapọ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló ni ilé tí à ń gbé ní Festac. Èmi kò mọ̀wé. Àgbẹ̀ ni bàbá mi ní Àdó-Àwáyè, àgbẹ̀ lèmi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ wáyà iná ńlá ni oko tèmi wà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo ń fa tẹ̀tẹ̀ ní ebè tó wà nítòsí òpó. Mo di ìdì kìíní, mo jù ú sẹ́yìn láti orí èjìká ọ̀tún láìwẹ̀yìn, bí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ tí èmi àti Akínfẹ́nwá ti jọ ń dáko. Á gbà á, á ṣan gbòǹgbò rẹ̀ nínú omi, á tò ó sínú apẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ nǹkan tó bọ́ sínú ẹrẹ̀. Mo ti ń di ìkejì kí n tó mọ ohun tí mo gbọ́.

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti kú. Orí mi ti gbọ́. Ọwọ́ mi ni kò tíì gbọ́.

Obìnrin tó ń wá ra ẹ̀fọ́ láti Apple Junction wo ìdì tó bọ́ sínú ẹrẹ̀ yẹn, ó ní òun ò ra ti ilẹ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó tà á fún un.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Tolú, alága ẹgbẹ́ àwa àgbẹ̀ abẹ́ wáyà, wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Ìgbà tí ọmọ yìí bá dọ̀bálẹ̀ dáadáa ni kéèyàn máa ṣọ́ra.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú o."

"Ṣé o wá kí mi ni àbí o wá wo ilẹ̀?"

"Méjèèjì ni, sà."

Ó rán mi létí òfin. Ẹnì kan ṣoṣo kì í di ilẹ̀ mú lábẹ́ wáyà. Èèyàn méjì ló ń ni ilẹ̀ kan, láti ọdún tí ejò bu ọ̀kan nínú wa jẹ tí kò sẹ́ni tó wà nítòsí láti gbọ́ igbe rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún, ìgbìmọ̀ máa yí oko ká. Ilẹ̀ tí kò bá ní èèyàn méjì, tàbí tí ebè rẹ̀ bá ṣófo, ẹni tó ń dúró ló máa gbà á. Jesse ló ń dúró, ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó fẹ́ gbẹ́ kòtò ẹja.

"Mo máa dá a ṣe," ni mo wí.

"Bàbá, ẹ̀yin gan-an wà lára àwọn tó ṣe òfin yẹn."

Òótọ́ ni. Èmi ni mo pariwo jù lọ́jọ́ náà. Láídé, má kọ ìyẹn. Ó ti kọ ọ́.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ooru mú bí ẹni pé òjò ò ní rọ̀ láéláé. Mo débẹ̀ láàárọ̀, mo bá èèyàn kan tó ti ń wa ilẹ̀. Lilian ni, ìyàwó Akínfẹ́nwá. Bàtà òjò ọkọ rẹ̀ ló wọ̀, ó ki àkísà sí imú rẹ̀ kó má baà bọ́.

"Daddy Bùnmí, ẹ káàárọ̀ sà. I don come."

"Wá ṣe kí ni? Télọ̀ ni ẹ́."

"Ṣé ẹ̀fọ́ mọ̀ pé télọ̀ ni mí?"

Mo ní kó máa lọ sílé, pé iṣẹ́ yìí le. Ó na ọkọ́ sí mi, ọwọ́ òsì ló sì fi nà án; ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó ní ìdajì ilẹ̀ yìí ni ọkọ òun fi sílẹ̀, òun ò ní jókòó sí ìdí maṣíìnì kí wọ́n wá fi ibẹ̀ sin ẹja. Ọmọ Àsàbà ni, ṣùgbọ́n tó bá ń bínú, Yorùbá rẹ̀ máa ń já gaara ju tèmi lọ.

Mo gbà á láàyè torí òfin. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀.

"No wahala," ló wí. "Èmi náà, torí òfin ni mo ṣe ń kí yín."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ti mọ ohun tó ń bí mi nínú. Iṣẹ́ télọ̀ lobìnrin yìí fi ń ṣe oko. Akínfẹ́nwá á kọ ebè kan, á fọ́n irúgbìn sí i, á bò ó, á bomi rin ín, kó tó gbójú sókè wo ebè mìíràn. Ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ da ìgbẹ́ adìẹ sórí gbogbo ebè, bí ẹni ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára aṣọ. Ó padà wá síbẹ̀rẹ̀, ó fọ́n irúgbìn sí gbogbo rẹ̀. Ó tún padà. Tí o bá wo oko náà ní ọ̀sán, kò sí nǹkan kan tó parí níbẹ̀.

"Èèyàn gbọ́dọ̀ gé aṣọ tán kó tó rán an," ló wí. "Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe sọ."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló gba inú mi lónìí. Àwa méjèèjì ń túlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Mo gbé ọkọ́ sókè, mo sọ ọ́ sílẹ̀ síbi tí mo mọ̀ dájú pé kò sí ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀, torí pé ní irú àsìkò yẹn Akínfẹ́nwá á ti sún síwájú. Ìyàwó rẹ̀ kò sún. Ọkọ́ gé imú bàtà rẹ̀. Ọlọ́run ló ní kí bàtà náà tóbi jù ú lọ. Àkísà ni ọkọ́ bá pàdé.

Àwa méjèèjì wo àkísà yẹn.

"Daddy Bùnmí," ló wá wí jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ bá a ni?"

Bàbá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá ń bá èèyàn túlẹ̀ kì í fojú wò ó. Etí ló fi ń wò ó. Lóko wa ní Àdó-Àwáyè, ẹni tó bá parí nǹkan á ké, ẹnìkejì á dáhùn, iṣẹ́ á máa lọ. Èmi àti Akínfẹ́nwá ké síra wa ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà tó yá a dákẹ́. Mo mọ ibi tó wà bí mo ti mọ ibi tí ẹnu mi wà nínú òkùnkùn.

Láídé ní, "Ẹ ò wá ké sí ìyàwó yẹn?"

Èmi? Kí n máa ké lóko bí ọmọ tó ń lé ẹyẹ?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ìgbẹ́ adìẹ tún wọ́n sí i. Ẹni tó ń kó o wá láti Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá ní epo mọ́tò ló fà á. Mo ní adìẹ kì í mu epo. Mo rà á.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ṣọkọ hù. Tẹ̀tẹ̀ hù. Ewédú ń ronú. Tí gbogbo rẹ̀ bá ń lọ báyìí, Jesse á wá ilẹ̀ ẹja rẹ̀ gba ibòmíràn lọ.

Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni ẹnu omi. Láti inú kánààlì la ti ń gba omi wọ oko. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi náà dára. Ṣùgbọ́n tí òjò bá rọ̀ tí òkun sì ti omi padà, iyọ̀ àti ìdọ̀tí gbogbo àdúgbò ló ń gbé bọ̀, ebè tó bá sì kàn, ó kú. Nítorí náà, a máa ń fi pákó dí ẹnu omi lálaalẹ́, a sì máa ń to àpò iyanrìn tì í. Pákó nìkan kò lè dúró.

Ìyàwó Akínfẹ́nwá ti rán ẹnu gbogbo àpò náà pẹ̀lú òwú aláwọ̀ búlúù. Kò sí èyí tó ń jò mọ́. Mi ò yìn ín, ṣùgbọ́n mo rí i.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ojú ọ̀run ṣú láti apá òkun. Ìyàwó Akínfẹ́nwá ti dí ẹnu omi, mo rí i. Èmi fi àwọn àpò tó ṣẹ́ kù gbé bèbè ìsàlẹ̀ ga sí i. Ẹ̀yìn ń dùn mí, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀. Kí òjò máa bọ̀.

Àìkú, ọgbọ̀njọ́

A ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo gbọ́ òjò náà láti orí bẹ́ẹ̀dì, inú mi sì ń dùn. Nígbà tí mo débẹ̀, omi dúdú ló kí mi. Pákó ẹnu omi ti fò kúrò, ó dùbúlẹ̀ sáàárín ebè ṣọkọ. Gbogbo ohun tó hù ló ti wà lábẹ́ omi kánààlì. Lilian dé lẹ́yìn mi pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, mi ò sì sọ ọ́ dáadáa.

"Báyìí ni télọ̀ ṣe ń dí ẹnu omi?"

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ dí i!"

"Ìwọ lo dí i! Mo rí i! Mo rí àpò tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ tó o kó kalẹ̀ síbẹ̀!"

"Mo rí yín, Daddy Bùnmí! Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀, ẹ gbé àpò, ẹ̀yin lẹ ń to àpò tì í. Ojú mi kò fọ́!"

"Ojú tèmi náà kò fọ́!"

Ó ní òun lè fi Bíbélì búra. Mo ní kó lọ mú un wá, èmi náà á búra. Àwọn tó ń lọ sí ìsìn dúró lórí bèbè wọ́n ń wò wá. Ta ni irú ìran bẹ́ẹ̀ kò ní wù láti wò, àgbàlagbà méjì nínú omi ẹ̀gbin tí wọ́n ń fi orúkọ Ọlọ́run gbá ara wọn lójú.

Nígbà tí mo délé, mo ní kí Láídé ka ohun tí mo sọ lánàá. Ó kà á. "Ìyàwó Akínfẹ́nwá ti dí ẹnu omi, mo rí i." Mo ní ṣó o rí i! Láídé kàn ń wò mí lórí gíláàsì rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Tolú wá. Ó ní kí n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kò sí ẹni tó máa fi bú mi, ọjọ́ orí ni. Mo bi í pé ṣé ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún ti pé. Ó ní kò tíì pé. Mo ní kó padà wá tó bá pé.

Ìyàwó Akínfẹ́nwá kò wá sóko.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin

Omi ti fà. Mo lọ wo bèbè ìsàlẹ̀, kí n lè mọ ohun tó kù tí mo lè fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn àpò iyanrìn wà níbẹ̀, bí mo ṣe tò wọ́n. Mo ń wò wọ́n. Gbogbo àpò tí a ní pátá ló wà níbẹ̀. Tí gbogbo wọn bá wà nísàlẹ̀, kí ló dúró ti pákó lókè?

Mo jókòó sórí ọ̀kan nínú wọn títí oòrùn fi mú mi lórí. Lẹ́yìn náà, mo lọ sí ilé Lilian.

Ó ń rán aṣọ. Kò pa maṣíìnì. Mo ní kó dákun, kó wá fi ibi tó kó àpò sí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta hàn mí. Mo mọ̀ pé "dákun" yẹn ló gbé e dìde.

A dé ẹnu omi. Ó gbé àpò kan bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó fi í lélẹ̀ lórí bèbè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó. "Mo fi pákó sí i, mo kó àpò kalẹ̀ síbí, mo wá lọ ṣa àwọn agolo ìbomirin jọ. Mo fẹ́ padà wá tò wọ́n. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí yín tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbí, àpò wà lọ́wọ́ yín. Mo ní, ẹ ṣeun o, Daddy Bùnmí ti bá mi parí rẹ̀."

"Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kó wọn lọ sísàlẹ̀ ni."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kó wọn?"

"Tí Akínfẹ́nwá bá kó àpò sílẹ̀ síbí, ó túmọ̀ sí pé ó ti parí. Èyí tó ṣẹ́ kù ni."

"Èmi kì í ṣe Akínfẹ́nwá."

Ó ti ń sọ ọ́ fún mi láti ọjọ́ tó ti wọ bàtà yẹn. Mo rí i lóòótọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo rí i bó ṣe to àpò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ṣì ń rí i báyìí tí mò ń sọ ọ́. Kò sì tò ó. Orí mi ló parí iṣẹ́ náà fún un. Òun náà rí mi. Orí tirẹ̀ náà parí tèmi. Àwa méjèèjì ṣe iṣẹ́ ara wa tán nínú orí, ẹnu omi wá ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Nígbà tí mo ń sọ èyí, Láídé bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti kọ ohun tí ẹ kò tíì sọ, tí ẹ sì gbà pé ẹ ti sọ ọ́?"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

A ti fẹnu kò. Ẹni tó bá dí ẹnu omi, òun ló máa ké pé "Ó ti dí!" Ẹnìkejì á dáhùn pé "Mo gbọ́!" Tí kò bá sí ìdáhùn, kò tíì dí. Lilian ní ó yẹ ká máa ké nítorí ọkọ́ pẹ̀lú, torí bàtà òun kò ní imú mìíràn mọ́. Mo gbà. Bàbá mi ì bá rẹ́rìn-ín ká ní ó rí mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan tí a ti ń ha iyọ̀ orí ilẹ̀. A fi ọkọ́ ha á, a kó o dà nù, a fi omi kànga fọ ebè, a tún fọ̀ ọ́. Kò sí òjò láti ràn wá lọ́wọ́. Ẹ̀yìn mi kò gbà mọ́, àmọ́ mo sọ fún ẹ̀yìn náà pé kò sí ibi tó ń lọ. Mo tọ́ ilẹ̀ wò lórí ahọ́n lónìí. Iyọ̀ ti kúrò ní ebè ìwọ̀ oòrùn. Lilian náà tọ́ ọ wò, ó tutọ́.

"Ó kù díẹ̀," ló wí.

"Kò kù rárá."

"Ẹ fi sí ọbẹ̀ yín nígbà náà."

A tún un fọ̀.

Ẹtì Rere, ọjọ́ kejìdínlógún

Lilian lọ sí ìsìn Ẹtì Rere. Láídé náà lọ. Mo dá wà lóko, mo ń gbin ebè tó kù. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo fẹ́ lọ mumi, mo wá wẹ̀yìn wo iṣẹ́ tí mo ti ṣe. Kò sí ebè kan tó parí. Mo ti da ìgbẹ́ adìẹ sórí gbogbo wọn, mo sì ti ń fọ́n irúgbìn láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, mi ò tíì bo ẹyọ kan.

Mo ti gé e tán, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rán an.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ọwọ́ mi bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Mo sì parí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó yá ju bí mo ṣe rò lọ. Mi ò ní sọ ìyẹn fún Lilian.

(Láídé ní òun á sọ fún un.)

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ewédú tó ń ronú ti pinnu. Ó hù! Gbogbo ebè ló ti ń yọ orí, àfi èyí tó wà lẹ́bàá kánààlì. A tún un gbìn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje oṣù Karùn-ún

Òjò gidi dé lónìí, ní ọ̀sán, àsìkò tí òkun kún. Ìjì ló ṣáájú rẹ̀; ó ká tapólì orí àtíbàbà wa lọ sí ọ̀nà Mazamaza, a ò sì tẹ̀lé e.

Ibi méjì ló ń fẹ́ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ dí ẹnu omi lókè kí kánààlì má wọlé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ la bèbè ìsàlẹ̀ kí omi òjò lè jáde. Lilian sáré lọ sókè, mo sáré lọ sísàlẹ̀. Láàárín wa, òjò nìkan ló wà. Mi ò lè rí i. Tó bá ké títí ọ̀fun rẹ̀ fi já, mi ò lè gbọ́.

Mo la bèbè. Omi ń jáde, ṣùgbọ́n poro ṣì ń kún. Omi tó wà nínú rẹ̀ ní ìlà dúdú kan láàárín, gbọọrọ, ìyẹn ni omi kánààlì. Ẹnu omi ṣì ṣí sílẹ̀.

Nígbà ayé Akínfẹ́nwá, ìlà dúdú yẹn á ti pòórá nígbà yẹn. Tí kò bá tíì pòórá, ó túmọ̀ sí pé nǹkan ti ṣe é. Ẹsẹ̀ mi ti gbéra láti sáré lọ sókè. Tí mo bá sì kúrò níbẹ̀, bèbè tí mo là yìí á ya lulẹ̀, gbogbo ebè ìsàlẹ̀ á bá a lọ, ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì kù kí ìgbìmọ̀ dé.

Mo dúró. Mo wò ó nínú ọkàn mi. Lọ́tẹ̀ yìí, Akínfẹ́nwá kọ́ ni mo rí. Obìnrin kan ni mo rí tó wọ bàtà tí imú rẹ̀ gé, tó ń fi ọwọ́ òsì wọ́ àpò. Kò tíì to ẹyọ kan. Ó ń kó gbogbo wọn kalẹ̀ lórí bèbè ná. Ó fi pákó sí i. Ó padà síbẹ̀rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé èkíní, ó tì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú eékún. Ó gbé èkejì. Mo bá a gbé gbogbo rẹ̀. Èjìká òsì mi ń fà, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ́ ni mo dì mú, mi ò di àpò kankan mú.

Mo ní, kò tíì parí ni. Kò sí ohun tó ṣe é. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Mo padà sí bèbè mi, mo ń dì í mú.

Ìlà dúdú inú poro náà wá tín-ín-rín, ó tún tín-ín-rín sí i, ó já bí òwú.

Ìgbà tó yá ni mo rí i tó ń bọ̀ nínú òjò, ó ń ké, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, mi ò gbọ́ nǹkan kan títí ó fi dé iwájú mi.

"Ó ti dí! Ó ti dí! Ó ti dí!"

"Mo gbọ́!"

"Ẹ gbọ́ kẹ̀? Nínú òjò yìí? Daddy Bùnmí, ẹ má purọ́ fún mi jàre!"

"Mo ti gbọ́ kó o tó ké."

Ó wò mí bóyá òjò ti wọ̀ mí lórí. Lẹ́yìn náà ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ jókòó, pé tí nǹkan bá ṣe mí, òun ò ní ṣàlàyé fún Mummy Bùnmí. Mo jókòó. Mi ò jókòó pẹ́.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Wọ́n dé: Tolú, àwọn méjì nínú ìgbìmọ̀, àti Jesse tó wọ bàtà funfun wá sóko. Ọmọ dáadáa ni, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú bàtà náà. Wọ́n rìn yí ebè ká. Tẹ̀tẹ̀ ti tó fà, ṣọkọ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó wà lẹ́bàá kánààlì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ṣùgbọ́n ó ń yọ. Tolú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ewé, bí ẹni ń wá iyọ̀.

"Bàbá, ẹ gbìyànjú," ló wí níkẹyìn.

"Kì í ṣe èmi nìkan."

"Mo mọ̀, sà. Ẹni tó wà pẹ̀lú yín nínú ìwé ẹgbẹ́, ṣé kí n kọ ìyàwó Akínfẹ́nwá?"

"Rárá o. Akínfẹ́nwá ti sinmi. Kọ Lilian. Orúkọ tirẹ̀ ni kó o kọ."

Lilian gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. "Ah-ah! Alága, èwo ni ẹni tó wà pẹ̀lú yín? Kọ orúkọ tèmi ṣáájú. Baba yìí ló wà pẹ̀lú mi."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Tolú wò mí, ó gbé bírò dúró. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe wí.

Jesse bi mí bóyá ẹnì kan ṣì wà tó lè kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀fọ́. Lilian ní kó kọ́kọ́ lọ wá bàtà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Afẹ́fẹ́ tutù. A bẹ̀rẹ̀ sí í fa tẹ̀tẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Obìnrin Apple Junction ti dúró lórí bèbè, ó ń bi wá bóyá ti ilẹ̀ tún ni.

Mo fa, mo di ìdì kìíní. Ọwọ́ mi gòkè lọ sí èjìká ọ̀tún bó ṣe máa ń lọ. Ó dúró níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Mi ò wẹ̀yìn. Mo gbé ìdì náà kọjá orí sí èjìká òsì, mo jù ú.

Mo dúró kí n gbọ́ ẹrẹ̀.

"Daddy Bùnmí," ohùn Lilian wá láti ẹ̀yìn mi, "ìkejì dà? Ọwọ́ mi ti wà ńlẹ̀ láti àná."